Orin Ẹ̀pẹ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Fàsásì

Ti Fàsásì kì í ṣe àlọ́, ojú mi ló ṣe, ní àdúgbò Ghulail, ní Jẹ́dà nílẹ̀ Sáúdí, níbi tí ògiri kan ti pín ilé tiwa àti tirẹ̀.

Mẹkáníìkì ni lọ́sàn-án. Bó bá ti fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, á ti fèrèsé, á gbé gìtá, á máa kọ orin àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Màá ní, "Fàsásì, orin arúgbó wo tún nìyí?"

"Ìyá Rashid, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán nílé. Bí mo bá panu mọ́, ó parí nìyẹn."

Ló bá gba gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ní ogún Kulthum, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ogun Kuwait, àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀. Ọwọ́ òsì kú, ahọ́n wúwo.

Jẹ́dà ni wọ́n bí Kulthum sí. Bí bàbá bá fi Yorùbá pè é, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Ilé ìwé sì ti kọ́ ọ pé orin ò dáa, Àlùkùránì ni kéèyàn máa gbọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, èmi àti Kulthum lọ sí Mẹ́kà, a wọ̀ sí àdúgbò Misfalah, nítòsí Mọ́sálásí Ńlá. Gbogbo ìgbà tí ìmáàmù bá ń ké Àlùkùránì ni Kulthum ń gbà á sílẹ̀. Mo rò pé ó ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun ni.

A délé, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, ó tàn án síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, oògùn yín nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì orin yẹn ni mo gbà á lé. Gbogbo ẹ̀."

Mo figbe ta, "Kulthum!"

Fàsásì fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Má… bá a wí. Ta ló máa… pa Àlùkùránì rẹ́… torí orin?"

Omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ọmọ náà rò pé kéwú ló wọ̀ ọ́ lára. Ó ń nù ún lójú, ó ń rẹ́rìn-ín, "Alhamdulillah, Bàbá!"

Fàsásì kò rí Iléyá ọdún náà.

Èmi ni mo padà sọ ohun tó sọnù fún Kulthum. Ó sunkún títí, ó ní, "Màmá, ẹ kọ́ mi."

Mo lanu. Ègbè nìkan ni mo mọ̀, ohun tí à ń fi dá a lóhùn látẹ̀yìn ògiri: "Ẹ wà á o, omi ń fà."

"Kí ló ṣáájú ẹ̀?"

"Bàbá ẹ ló ń lé e, ọmọ mi."

A gbè é. A dákẹ́ díẹ̀ níbi tó yẹ kí ó ti lé e, a sì tún gbè é.