Ohùn Àbúrò Mi Nígbà Oyún Ìyàwó Rẹ̀

Bí àbúrò mi ọkùnrin bá kígbe nínú oko iṣu rẹ̀ ní Ìdòfin, àwọn tó wà lójú títì á dáhùn. Àfi ọdún tí ìyàwó rẹ̀ lóyún. Dókítà kan ní Ìlọrin fi ẹ̀rọ wo ikùn, ó ní yàrá kan nínú ọkàn ọmọ náà tóbi ju èkejì lọ, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe máa rí títí wọn ó fi bí i.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn àbúrò mi ti rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń lálàá. Lásìkò ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo òkè, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á máa bá ikùn sọ̀rọ̀: "Rọra, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Wọ́n bí obìnrin. Bí ọmọ bá ti yanu láti sunkún, àbúrò mi ti gbé e, kí ẹkún má baà ni ọkàn rẹ̀ lára.

Mo tẹ̀ lé wọn padà sí Ìlọrin. Dókítà wo ọmọ títí, ó ní, "Yàrá méjèèjì ti dọ́gba."

"Ṣé ó lè sunkún?"

"Ẹ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, bàbá ọmọ."

Àbúrò mi gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi orí lé mi léjìká, ó sì bú sẹ́kún.