Ìyá mi kí ẹni tó ń gbọ́ wa lórí fóònù

Ìyá mi fẹ́ kó mi sí wàhálà láàárọ̀ yìí o!

Rédíò ló sọ pé ìjọba ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ lórí fóònù. Mo pe ìyá mi ní Kambolé, ìlú wa, kí n lè kìlọ̀ fún wọn. Mi ò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi pariwo:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa!"

"Màmá! Ta lẹ ń kí?"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣé ká má kí i ni?"

"Ẹ dákẹ́, wọ́n á mú wa!"

Ẹni tó ń gbọ́ wa yẹn ni màmá mi tún ń bá sọ̀rọ̀:

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò mọ ẹnì kankan ní Sokodé. Ẹ máa bá mi bi í bóyá ó ti jẹun."

Ni fóònù bá gé.

Inú bí mi gan-an. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wá ránṣọ ní Sokodé níbí, kò sẹ́lòmíì tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún gbé fóònù sétí. Kò sóhùn ẹnì kankan.

Mo ní: "Mi ò tí ì jẹun o."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló bi ẹ̀yin lónìí bóyá ẹ ti jẹun?