Ọjọ́ Tí Mo Pariwo Mọ́ Bọ̀dá Lórí Odò Vaal

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má wo àléébù ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi ò sì yá sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2009 tí a fi jáde ní Rosettenville, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ àjèjì níbí. Àwa mẹ́rin la wà nínú mọ́tò: Bọ̀dá Délé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, Àǹtí Yẹmí ìyàwó wọn, Dókítà Gbénga ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti èmi. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí kòtò kan. Gbogbo ibi tí róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, bá ti pọ́n ni Bọ̀dá ń dúró sí, bí kò tilẹ̀ sí mọ́tò mìíràn lójú títì.

Kò ju wákàtí kan lọ tí a fi dé etí odò Vaal. A jẹ pápù, irú ẹ̀kọ líle kan tí wọ́n ń fi àgbàdo funfun rò, pẹ̀lú sọ́séèjì yíyan. Ẹgbẹ̀rin ráńdì ni wọ́n gbà fún ọkọ̀ ojú omi àti Thabo tó ń wà á. Thabo fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Àǹtí fi tiwọn kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó.

"Yóò fún mi lọ́rùn," ni wọ́n wí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, orí omi ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n wọ̀ ọ́, ẹnu mi kọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n.

A rìn títí di ọ̀sán, a ń wo ilé olówó létí omi. Lójijì ewéko tó ń léfòó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú.

"Eish," ni Thabo wí. Bí wọ́n ṣe ń sọ níbí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá burú. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé ewé. Omi ń gbé wa lọ. Níwájú ni ògiri tí wọ́n fi sé odò wà, a ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ̀dá ní, "Ẹ dìde, ká ké pe Ọlọ́run."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ fì sí ọ̀tún, omi wọlé, Àǹtí ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Mo fa Bọ̀dá láṣọ.

"Ẹ jókòó! Ẹ jókòó sí ilẹ̀ ọkọ̀!"

"Èmi lò ń pariwo mọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Mo wọ Àǹtí ní ẹ̀wù wọn, mo mú àjẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjókòó, mo ń wà wá lọ sínú esùsú etí omi. Apá ń ro mí, ògiri náà ń súnmọ́. Nígbà tí orí ọkọ̀ wọ inú esùsú, mo dì í mú títí ẹ́ńjìnnì fi tún dún.

Dókítà Gbénga nu ojú. "Àdúrà ìjókòó náà ń gbà o."

Bọ̀dá wa mọ́tò títí a fi dé ẹnu géètì wa, wọ́n wá yíjú sí mi. Mo ti ń ro ẹni tí yóò gbà mí sílé bí wọ́n bá lé mi.

"Ibo lo ti kọ́ èyí?"

"Nílé wa, sà."

"Ọdún méjì lo ti ń bá wa gbé, o ò sọ pé o mọ omi."

"Ẹ ò bi mí, sà."

Bọ̀dá bọ́ sílẹ̀ láti ṣí géètì. "Òótọ́ ni. A ò bi ọ́."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìdákẹ́ mi láàárọ̀, nígbà tí Àǹtí kọ̀ láti wọ ẹ̀wù wọn, kì í ṣe ọ̀wọ̀, ẹ̀rù ni.

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì ni mo máa ń gbé àpótí ìjókòó mi sí fún àdúrà òwúrọ̀, nígbà tí àwọn tó kù bá jókòó ní pálọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo gbé e wọ pálọ̀, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bọ̀dá, mo sì jókòó.