Yàrá Ìyá Kan àti Àwa Amòfin Ardwick

Àwa mẹ́rin tí a kàwé òfin ní Manchester la máa ń pàdé ní yàrá mi ní Ardwick. A fẹ́ ṣe ìtọ́sọ́nà tí ẹni tí kò lówó lọ́yà á máa gbọ́ lórí fóònù kó tó lọ rojọ́ fúnra rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ nílé ní Nàìjíríà. Ní ìpàdé kìíní, a yan alága. Ní ìkejì, a yan igbákejì alága àti akápò. Bí Yorùbá mẹ́rin bá pàdé, mẹ́ta á joyè, ẹnì kan á máa bínú. Èmi ni mò ń bínú.

Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe care, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ní Bolton mú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ wá ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ ìyáálé wá pe ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kó kó jáde nínú yàrá tó ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, torí wọ́n fẹ́ kó ayálégbé síbẹ̀. Ìyá kò ní ibòmíràn.

A ka ìtọ́sọ́nà wa sórí fóònù, a fi ránṣẹ́ sí i. Ó gbọ́ ọ, ó gbàdúrà fún wa. A wá pè é lórí fóònù ká lè dán an wò. Èmi ni mo ṣe bí adájọ́. Mo tilẹ̀ wúkọ́ kí ohùn mi lè dà bíi ti ẹni ńlá.

“Ìyá,” mo ní, “ṣé ẹ ò rí i pé kí àlàáfíà lè wà, ó yẹ kí ẹ fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ?”

“Ẹ ṣé o, olúwa mi. Mo ti gbọ́. Ọlọ́run á dá yín sí.”

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí káwọ́ lérí. “Màámi! Ẹ ti gbé yàrá yín fún wọn nìyẹn!”

“Èmi kẹ̀? Mo dúpẹ́ ni. Ṣé kí n máa já adájọ́ níyàn lójú rẹ̀ ni? Ẹ̀yin ọmọ Manchester yìí, ta ló kọ́ yín nílé?”

Òótọ́ ló sọ. Nínú ìpàdé ẹbí, ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì gbà; gbogbo ilé mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ rò ó ni. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ti gbà. Kò sí ìwé kankan tí a kà tó sọ èyí fún wa.

Alága wa ní kí ìyá nàró, kó ké pé, “Mo takò ó!” Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. Níkẹyìn, a jọ fẹnu kò pé kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó má dìde láìsọ pé òun kò gbà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ pàrọwà fún un pé kó kó jáde, kí ìjà lè parí. Ìyá kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣeun, olúwa mi. Ọlọ́run á dá yín sí. N ò gbà.”

Adájọ́ wò ó. “Kí ló dé, Ìyá?”

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó sì rò ó kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dájọ́, wọ́n ní kó máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Inú alága wa dùn jù. Ó ní a gbọ́dọ̀ ṣe launching ìtọ́sọ́nà náà, kí a gbé àwòrán ìyá kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn tí a ó ti ṣe é. Ó pe ìyá láti tọrọ ìyọ̀ǹda.

“Ẹ ṣé, ọmọ mi,” ni ìyá wí. “Ọlọ́run á bù kún yín. N ò gbà.”