Wíwo Ìyá Àgbò

Bàbá mi kì í ra àgbò tó máa gun abo àgùntàn ilé wa láìkọ́kọ́ rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan wá tọrọ mi, Bàbá lọ sí àdúgbò wọn ní Gwagwarwa, wọ́n lọ wo ìyá tirẹ̀ náà. Ìyá ọ̀hún ti rọ lẹ́sẹ̀ kan. Bàbá padà dé, wọ́n bu dùsà, èèrí ọkà, fún ẹran jẹ, wọ́n ní irú yẹn ò ní wọ ilé àwọn. Mò ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. Mo gbá a tán.

Bàbá náà ti rọ lẹ́sẹ̀ kan báyìí, ilé wọn ni mo ṣì wà, láìlọ́kọ, láìbímọ. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fi omi gbóná fọ ẹsẹ̀ fún wọn, wọ́n gbọ́ igbe ọmọ àgùntàn tuntun. Wọ́n bi mí pé ta ló máa jogún ẹran yìí lọ́wọ́ mi.

Mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì wá.