Èèkù Ìbọn Alàgbà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Mísítà Wade ní Pasadena, ó rò pé mo ṣìnà ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí láti orí gèlè dé bàtà, ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun wà lódìkejì títì. Mo ní kì í ṣe irun ni mo bá wá, iṣẹ́ ni. Ni mo bá fa ọ̀bẹ ìdáná yọ nínú báàgì mi, kí n lè fi èèkù tí mo gbẹ́ sí i hàn án. Ẹ wo ìwà wèrè! Mo fa ọ̀bẹ yọ nínú ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ní Texas, níwájú ọkùnrin tí oríṣiríṣi ìbọn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ló kó mi yọ. Mísítà Wade ò tiẹ̀ mira. Ó gba ọ̀bẹ náà, ó fi àtàǹpàkò pa èèkù rẹ̀ lọ, ó pa á bọ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Bàbá mi ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, l’Ọ́fà.”

“Máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Àwọn ọdún tí owó epo já wálẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé Houston nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ mi, ẹnjiníà tó kàwé kànkà, jókòó sílé pẹ̀lú Dáyọ̀ ọmọ wa, èmi sì ń wa ọkọ̀ láti apartment wa ní Greenspoint dé Pasadena lójoojúmọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì máa ń pè mí ní Ìyá Ológun. Kò dùn mí. Kí ni nọ́ọ̀sì fi ju ẹni tó ń gbẹ́ igi lọ? Èèkù ni iṣẹ́ tèmi, ìyẹn ibi tí ọwọ́ máa ń di ìbọn mú. Irin ni ti Mísítà Wade.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbé wá fún un ni ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Ihò mẹ́fà ló máa ń wà nínú ilé ọta náà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Mísítà Wade á yọ ọ́ dànù, á fi irin tuntun ṣe òmíràn, ihò márùn-ún péré, kí ọta tó wọ ibẹ̀ lè tóbi, kí irin àárín wọn sì nípọn tó láti gbà á. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tó oṣù mẹ́jọ. Kò sì ní fọwọ́ kan irin rárá tí kò bá tí ì bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lẹ fẹ́ yìn? Báwo ló ṣe máa jìnnà sí yín tó? Ṣé nǹkan kan ti ṣe ọwọ́ yín rí? Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tó bá parọ́ lórí ìkẹta yìí, ara rẹ̀ ló ń parọ́ fún.

Ó tó nǹkan bí ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀ kí Alàgbà Oyèdìran tó wọlé. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ọmọ ọdẹ láti Ṣakí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, níbi tí wọ́n ti ń yí fáàfù ẹnu páìpù ṣí, tí wọ́n ń yí i tì. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ ṣọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ìbọn ìléwọ́ ńlá ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó ti sú Alàgbà kí wọ́n máa wò wọ́n bí ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé àwọn lẹ́yìn.

“Mopé, sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo fẹ́ èyí tó máa dún,” ni wọ́n wí. “Ṣakabùlà bàbá mi, tó bá ti dún lóko, ìyá mi á ti gbé omi ọbẹ̀ kaná nílé. Ẹ̀tù kíkún ni mo fẹ́. Ìbọn tí kò dún, ọmọdé ló ń fi ṣeré.”

Wọ́n gbọ́ òyìnbó jù mí lọ, àmọ́ èmi ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Nígbà tí a dé orí ìbéèrè kẹta, wọ́n dá Mísítà Wade lóhùn fúnra wọn.

“Ọwọ́ mi? Ó le koko.”

Irọ́ ni. Ọdún tó ṣáájú, fáàfù kan ta gìrì mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì yẹ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì la jọ gbàdúrà sí i. Èmi fúnra mi gbé ọbẹ̀ lọ sílé wọn. A tún mọ̀ pé kò jinná tán, àti pé tí ilé iṣẹ́ bá mọ̀, wọ́n á ní kí Alàgbà máa lọ sílé, nígbà tó ku ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n wò mí. Mo wolẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í já àgbà nírọ́, pàápàá níwájú òyìnbó. Mísítà Wade kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ dára.

Kí n tó gbẹ́ èèkù, mo máa ń fún oníbàárà ní ìṣù amọ̀ kan kó dì í mú bí ẹni di ìbọn. Alàgbà di tiwọn mú. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ipa àtàǹpàkò àti ìka méjì àkọ́kọ́ wọnú amọ̀ dáadáa. Ti ìka méjì tó kẹ́yìn, ekukáká ni mo fi rí i. Ká ní mo ní ọgbọ́n, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti gbé amọ̀ náà lọ fi han ọ̀gá mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú igi mẹ̀síkítì, igi líle ilẹ̀ Texas, mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ èèkù náà sanra díẹ̀, kó lè dí àlàfo tí ìka méjèèjì yẹn fi sílẹ̀. Ẹ̀mí mi ò balẹ̀ títí mo fi fi sáńpépà ha á tán. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń bò mọ́lẹ̀. Ó sì rẹwà o! N ò gbẹ́ èyí tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Láàárọ̀ Sátidé kan, a lọ dán ìbọn náà wò ní pápá kan lẹ́yìn La Porte. Alàgbà mú méjì nínú àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wọn dání. Mísítà Wade gbé páálí ọta méjì wá, ogún ogún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tù kíkún tí Alàgbà ní kó ṣe. Ìkejì, òun ló rò ó fúnra rẹ̀ tó fi ṣe é: ọta ńlá kan náà, àmọ́ ẹ̀tù rẹ̀ mọ níwọ̀n.

“Ọta ńlá tó ń rìn jẹ́jẹ́ máa la ẹlẹ́dẹ̀ já,” ló wí fún wọn. “Èyí tó ń sáré náà máa là á já. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ọwọ́ yín ló máa mọ̀ ọ́n.”

Alàgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sí àkọ́kọ́, wọ́n ki ọta ẹyọ kan sínú ìbọn.

Nígbà tó dún, gbogbo ẹyẹ inú pápá fò. Ìbọn náà ta padà, ó yí lọ́wọ́ wọn, irin tó wà lókè rẹ̀ sì bà wọ́n níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Wọ́n dúró gbagidi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ òsì ti di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ojú wọn sì ti ṣú. Àwọn òyìnbó méjèèjì ń pàtẹ́wọ́. “Papa, ó tún kù!” Òmùgọ̀ gbáà! Wọn ò rí i pé ìka méjì yẹn ò ká mọ́.

Ọwọ́ mi ni páálí ẹ̀tù kíkún náà wà.

“Mopé, mú òmíràn wá.”

N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì, mo sì gbá páálí náà mọ́ àyà.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí, sà. Rárá.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní rárá, sà. Mi ò ní fún yín.”

“Níwájú àwọn wọ̀nyí, Mopé?”

“Wọn ò gbọ́ ohun tí à ń sọ, sà. Tí ẹ bá tún yin ọ̀kan, ẹ ò ní lè yí fáàfù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wọn á sì mọ̀. Mo ti rí i nínú amọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹ nà mí tó bá wù yín.”

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà bèèrè ohun tó ń ṣe mí. Alàgbà ò wo ẹ̀yìn.

“Ó ń kí mi ni,” ni wọ́n fi òyìnbó dá a lóhùn. “Bí a ṣe ń kí àgbà nílùú wa nìyẹn.”

Mísítà Wade ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ti rí ọwọ́ náà. Ó gbé páálí kejì síwájú wọn. Alàgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu ẹ̀jẹ̀ iwájú orí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú, wọ́n yin márààrún. Irin tí a gbé kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán ró gbàn-ìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìbọn náà kàn gbéra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó tún jókòó.

“Ìyá mi ò lè gbọ́ èyí,” ni wọ́n kùn.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. “Ẹ ó máa fóònù wọn ni, sà.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé páálí méjèèjì, wọ́n wọ ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ wa lórí freeway, Mísítà Wade bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo sọ òótọ́. Ó bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́. Mo ní àgbà ni wọ́n.

“Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ ni àgbà,” ló wí. “Ohun tí ọwọ́ bá wí ni kí o gbọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wá iṣẹ́ síbòmíràn.”

Kò tún ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń bèèrè ìbéèrè kẹta, mo sì máa ń tẹ ọrùn ọwọ́ oníbàárà wò bí ẹni ń yan iṣu.

Àmọ́ Alàgbà bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko, ọkọ mi ni wọ́n ń kí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà, n ò ní purọ́. Ó wá di Sátidé kan nígbà òtútù, fóònù dún nílé wa. Mo gbé e.

“Ìyá Dáyọ̀.” Ohùn Alàgbà ni. “Gbé omi ọbẹ̀ kaná.”

Itan ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni wọ́n gbé wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọta kan ṣoṣo ni wọ́n fi pa á, wọ́n sì sọ ọ́ lásọtúnsọ títí ọbẹ̀ fi jinná.

Wọ́n parí ọdún mẹ́ta wọn pé pérépéré, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì padà sí Ṣakí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Òfin ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún ò gbà kí wọ́n gbé ìbọn náà wọlé, ni wọ́n bá ṣe ìwé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n sì fi í lé mi lọ́wọ́. Èèkù náà ti dán, ó ti dúdú díẹ̀ níbi tí ìka mẹ́ta máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé páálí kan lé e. Mo rò pé ẹ̀tù jẹ́jẹ́ ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo ṣí i nílé, ẹ̀tù kíkún ọjọ́ yẹn ni. Mo kà á. Mọ́kàndínlógún ni. Lórí ìdérí rẹ̀, wọ́n ti fi báírò kọ ọ́ gàdàgbà: Mopé ní rárá.