Ọjọ́ tí Mo Fọ Èédú Kúrò Lára Ògiri Bùọ̀dá Láyí

Èmi ni mo jẹ̀bi ọjọ́ Sátidé tí n kò lè gbàgbé yìí. Bùọ̀dá Láyí, ayálégbé wa ní Bẹẹrẹ, ti fi èédú fa ìlà dúdú kún ògiri yàrá rẹ̀. Mo rò pé oògùn ni. Ọmọ Aládùúrà ni mí. Nígbà tó jáde, mo wọ yàrá rẹ̀, mo bu omi ìyè, mo fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Nígbà tó dé, ó pariwo: "Ta ló fọ ìyàwó mi dànù?"

"Èmi ni, Bùọ̀dá. Kò kúkú lójú, kò nímú."

"Ṣé ojú ni mo ń yà ni? Bí yàrá yìí ṣe dákẹ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ń yà!"

Ó bú sẹ́kún.

Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìbéèrè tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi í: "Bùọ̀dá, kí lẹ ń yà?"